Ẹja Tí A Ní Kí Wọ́n Dá Padà

Bí ìjọba bá kéde lónìí pé ẹja kan ní kòkòrò àrùn nínú, tí wọ́n sì pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí ó rà á dá a padà, ta ni yóò gbọ́ ọ ní ọjà Asafo ní ìlú Kùmásì? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ará Gánà nìkan. Àwọn ènìyàn wa ti ń ṣòwò ní Kùmásì tipẹ́tipẹ́ kí àṣẹ ìjọba Busia ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé, àwọn tí ó sì wà níbẹ̀ títí di òní ń jẹ ẹja kan náà tí àwọn Àṣáńtì ń jẹ.

A kò sọ èyí láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ìjọba Gúúsù Áfíríkà kéde pé ẹran tí a ṣe sínú awọ, èyí tí wọ́n ń pè ní pólónì, ni ó ń tan àrùn listeria kálẹ̀. Àwọn tí ó kú lé ní 200. Wọ́n sì ti kó irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè 15, Gánà àti Nàìjíríà wà lára wọn. Lóòótọ́, ẹran ni, kì í ṣe ẹja. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan náà a máa gbé inú ẹja tí a fi èéfín yan, òtútù ẹ̀rọ kò sì dá a dúró kí ó má bí sí i.

Agolo ní nọ́ńbà lára. Ẹja Asafo kò ní. Páálí a dé láti Tema, wọn a tú u ní ilé ẹja yìnyín, nọ́ńbà a sì bá páálí lọ sí ààtàn. Nígbà tí ẹja yóò bá fi dé orí àtẹ, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọkọ̀ tí ó gbé e wá.

Àwọn kan yóò ní iná ìdáná yóò pa ohunkóhun tí ó bá wà nínú rẹ̀. Iná ń pa kòkòrò, a gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹja irú Títùsì bá ti pẹ́ jù lẹ́yìn yìnyín, kòkòrò a sọ ara rẹ̀ di olóró, oró náà kì í sì í bá iná lọ. Ojú ẹni tí ó jẹ ẹ́ a pọ́n, orí a fọ́ ọ, ara a máa yún un. Ẹni tí ó wà ní Gánà nígbà tí iná mànàmáná ń lọ tí ó ń bọ̀, láti ọdún 2012 títí dé 2016, mọ bí yìnyín ṣe ń yọ́ tí ó tún ń dì láìsí ẹni tí ó rí i.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, òkú ẹja gúnlẹ̀ sí etíkun Osu ní Accra, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ẹ́. Ìkìlọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹja tí a ti gé kì í sọ etíkun tí a ti ṣà á.

Àjọ náà ní agbára lábẹ́ òfin ọdún 2012 láti gba irú ọjà bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kí wọ́n mú àwọn onílé yìnyín kọ nọ́ńbà páálí àti ọjọ́ fún gbogbo ìyá ẹlẹ́ja tí ó rà lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọjà sọ ọ́ ní èdè Twi, ní Haúsá àti ní Yorùbá. Kí àwọn olùkọ́ sì fi rán àwọn ọmọ sílé. Àwa kò bá àwọn ìyá ọjà wí. Obìnrin tí ó yá owó ra páálí méjì, tí a wá ní kí ó dà á nù lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé a retí pé yóò jáde wá jẹ́wọ́? Ẹni tí ó kó ẹja náà wọ ìlú ni kí ó san owó rẹ̀ padà, kí ó sì san án nínú ọjà, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.