Kí A Kọ́ Ọkọ Tí Ń Lu Aya

Ní ọdún 1849 ni àwọn ará Faransé tẹ àwọn ẹrú tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ Elizia dó sí etí omi Gabon, tí a sì sọ ibẹ̀ ní Libreville, èyíinì ni Ìlú Òmìnira. Orúkọ ńlá ni. Ṣùgbọ́n òmìnira wo ni ó wà fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń fi ẹ̀ṣẹ́ wú lójú ní ìyẹ̀wù?

Ìjọba Gabon kò kúkú káwọ́ gbera. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n ṣe òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin. Nínú oṣù kan náà ni wọ́n tún òfin ìdílé ṣe, tí òfin kò fi pàṣẹ fún aya mọ́ pé kí ó máa gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi ọkùnrin náà léèrè ohun tí ó mú un gbà pé aya ni ìlù tí òun lè máa lù?

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti wúlò. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1977 ni ẹgbẹ́ Emerge ti ń pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jókòó. Lẹ́yìn náà ni ìlú Duluth so ọlọ́pàá, adájọ́ àti ilé ààbò obìnrin pọ̀ mọ́ kíláàsì, tí adájọ́ fi ń rán ẹni tí ó jẹ̀bi lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ti sùúrù lásán. Bí ó bá ṣe pé ìbínú nìkan ni, èéṣe tí ọkùnrin náà kì í lu ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tàbí ọlọ́pàá tí ó bú u ní títì? Ó mọ ẹni tí apá rẹ̀ ká. Ìfẹ́ láti jẹ gàba ni àrùn náà, òun sì ni a gbọ́dọ̀ wò.

Àwọn kan yóò ké pé àṣà ni kí ọkọ máa bá aya wí. Àṣà ta ni? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí ìyàwó a máa wí ní ọjọ́ ìgbéyàwó pé àwọn fi ọmọ fún ọkọ ni, àwọn kò tà á. Ẹni tí a kò tà kì í ṣe ẹrú. Síbẹ̀, bí aya bá sá padà sílé baba rẹ̀ pẹ̀lú ojú wíwú, "Lọ ní sùúrù" ni yóò gbọ́. Àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà kí a tó bá adìyẹ wí. Àwọn onílàjà wọ̀nyí ń bá adìyẹ wí níṣojú akátá tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ: pé a ń náwó lórí ẹni tí ó ṣẹ̀, nígbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ kò rí ibi sá sí, àti pé àwọn ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fihàn pé èrè irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Òtítọ́ ni. Nítorí náà, kí owó kíláàsì má ṣe ti inú owó ilé ààbò wá. Kí kíláàsì má di ọ̀nà àbùjá kúrò lẹ́wọ̀n. Kí adájọ́ mọ ẹni tí kò wá, kí ó sì fìyà jẹ ẹ́. Kí a máa bi aya léèrè ní ìkọ̀kọ̀ bóyá lílù ti dópin, nítorí ẹnu ọkọ nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wí pé ọkùnrin kò ṣeé kọ́. Ní Rwanda, a kó àwọn baba tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀ jọ pẹ̀lú aya wọn fún ẹ̀kọ́. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2018 fihàn pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, 33 nínú 100 àwọn aya náà ni ó wí pé ọkọ lu àwọn láàrin ọdún kan; níbi tí a kò ti kọ́ni, 57 nínú 100 ni. 33 ṣì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ìyàtọ̀ náà ní òfo?

Ẹni tí ó ṣẹ̀wọ̀n láìkọ́gbọ́n yóò padà sílé kan náà, tàbí kí ó fẹ́ ẹlòmíràn lù. Kí ìjọba Gabon so ẹ̀kọ́ mọ́ òfin 2021. Kí àwọn Yorùbá tí ń ṣòwò ní Libreville má sì dúró de ìjọba: wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹgbẹ́ tí ó lè dájọ́ owó àjọ lè dájọ́ ọkọ tí ń lu aya.