Lẹ́kí: Ibi Tó Yẹ Kó Bà Wá Lẹ́rù Gan-an

Bí ẹ bá bi ọmọ Èkó léèrè ibi tó ń dẹ́rù bani jù láti Lẹ́kí títí dé Ajah, kò ní pẹ́ tí yóò fi dárúkọ afárá orí igi tó wà ní Lekki Conservation Centre. Mítà 401 ni gígùn rẹ̀, wọ́n sì ní kò sí irú rẹ̀ tó gùn tó o ní Áfíríkà. Níbi tó ga jù, ó ju mítà 20 lọ láti àtẹ́lẹsẹ̀ yín dé ilẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé e, yóò mì. Bí aláwàdà kan bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín, yóò mì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Àyà mi já lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo sì ya fọ́tò lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Èmi ò bá afárá náà jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀rù tí a fi owó rà nìyẹn. Ẹnìkan ti wọn gíga rẹ̀, wọ́n ti ṣe ohun ìdìmú sí i lọ́tùn-ún lósì, ilé gogoro sì wà lójú ọ̀nà tí ẹni tí òòyì bá ń kọ́ lè dúró sí. Bákan náà ni ti àwọn òyìnbó tó ń fi pákó gbọọrọ yọ̀ lórí òkè oníyìnyín. Ní Yúróòpù, àwọ̀ ni wọ́n fi ń ya ọ̀nà òkè wọ̀nyẹn sọ́tọ̀: búlúù fún ọ̀nà tó rọrùn, pupa fún èyí tó le, dúdú fún èyí tó jẹ́ pé ọ̀gá nìkan ló lè gbà á. Ọmọ wa, Simidele Adeagbo, dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ kékeré kan, ó ti orí síwájú, ó sì yọ̀ lórí yìnyín ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 2018 ní Gúúsù Kòríà. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe irú eré yẹn níbẹ̀. Àní pẹ̀lú gbogbo eré burúkú yẹn, kò sí kọ́nà kan lójú ọ̀nà náà tí kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá kúrò ní òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ kọjú sí gúúsù. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé etí òkun: Elegushi, Òkun Alfa, Òkun Ajah, títí dé Ẹlẹ́kọ. Àwọn tó sọ ìlú wọ̀nyí lórúkọ fi òkun síwájú orúkọ, bí ẹni tó ń kìlọ̀ fún àlejò. Àwa tí à ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì àti ọjọ́ Iléyá ò ka ìkìlọ̀ kankan sí. Bàtà la kọ́kọ́ ń bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń gbé èèyàn lọ, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ìgbì ńlá ni. Ìgbì máa ń ti omi wá sí èbúté, omi náà sì gbọ́dọ̀ padà. Ibi tí yanrìn abẹ́ omi bá ti jìn ni yóò gbà. Yóò kó ara rẹ̀ jọ bí odò tóóró kan láàárín òkun, yóò sì máa sáré kúrò létí ilẹ̀. Kì í fa èèyàn sí ìsàlẹ̀, ó ń fà á jìnnà ni. Ẹni tó bá kó sínú rẹ̀ yóò kọjú sí èbúté, yóò máa bá omi jà títí agbára rẹ̀ yóò fi tán, àárẹ̀ yẹn ló sì ń pa á. Èyí tó burú jù ni pé ìgbì kì í sábà fọ́ lójú ọ̀nà omi yìí. Ojú ibẹ̀ máa ń tẹ́jú, ó máa ń rọ̀ lójú ju ọ̀tún àti òsì rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, tó sì ń wá ibi jẹ́jẹ́ tí yóò ti fi ẹsẹ̀ tọ́ omi wò, ibẹ̀ gan-an ni yóò yàn. Afárá tí kò lè ṣe wá ní nǹkan ń já wa láyà, omi tó lè pa wá ń rẹ́rìn-ín sí wa.

Nínú gírámà wa, ẹ̀rù ni olùwà: ẹ̀rù ló ń bà wá, àwa kọ́ là ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í dédé bani nítorí ohun tí kò lórúkọ. Ẹ bi ara yín léèrè, kí ni Yorùbá ń pe odò tóóró inú òkun yẹn? A ní ìgbì, a ní ọ̀sà, a ní ìṣàn. Mo ti bi àwọn ọmọ kíláàsì wa, kò sẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún un. Pátákó tó bá wà létí òkun, Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń sọ, òfin lásán ló sì ń pa: má wẹ̀ níbí. Kò sọ ìdí. Òfin tí kò ní ìdí, ọmọ Èkó á kàn fi aṣọ kọ́ ọ lọ́rùn ni.

Iṣẹ́ tiwa rèé. Àwọn àgbà ẹ̀ka ìmọ̀ yìí, Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì, ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá kí a lè fi èdè wa sọ̀rọ̀ nípa gírámà. Ta ni yóò ṣe ti òkun? Mo dábàá "afanilọ": àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe fà, ẹni, àti lọ. Ìyá tó ń ta àgbàdo létíkun yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé. Ṣùgbọ́n kí a tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ó yẹ kí ẹnìkan kọ́kọ́ lọ bá àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ègùn. Èmi ò gbà pé ẹni tó ń gbé ọkọ̀ la ìgbì kọjá lójoojúmọ́ kò ní orúkọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọdún kẹta, tí ẹ ń wá àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àsọdùn orúkọ oúnjẹ inú Facebook sílẹ̀ díẹ̀.

Àwọn kan yóò ní Olókun ló ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá kú síbẹ̀. Èmi ò bú Olókun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin òkun ní tòótọ́ kì í já wọ inú rẹ̀ gììrì pẹ̀lú ìgò ọtí lọ́wọ́. Àwọn baba wa ti wí pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, ohun tó sì yẹ ká ṣe nínú afanilọ náà nìyẹn. Má bá a jà. Léfòó, gbé ọwọ́ sókè, kígbe. Bí o bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí wàá fi bọ́ nínú rẹ̀, kí o tó wá kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ bẹ́ wọlé tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa ni kó jù sí i.

Mò ń kọ èyí nítorí pé lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, etíkun la fẹ́ lọ fún sign-out, àkókò òjò ni yóò sì bọ́ sí, nígbà tí ìgbì máa ń lágbára. Mi ò ní ká má lọ. Bọ́ọ̀lù wà, súyà wà, yanrìn pọ̀. Àmọ́ kí a fi ẹni méjì tí kò ní mutí sílẹ̀ láti máa ṣọ́ omi, kí a sì fẹnu kò pé kò sẹ́ni tí yóò wọ inú omi kọjá kókósẹ̀. Mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀ pé èmi ni yóò gbé kẹ́ẹ̀gì méjì àti okùn wá.