Kí Ọmọ Wa Tó Ya Fọ́tò Nínú Ọgbà Òyìnbó

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari Kánò àti gbogbo òkè Ọya, a fẹ́ bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ojoojúmọ́ ni à ń fi fọ́tò àwọn ọmọ wa tó wà nílùú ọba yangàn lórí pèèjì yìí. Ti Harewood, lẹ́bàá Leeds, ló wà lóde báyìí. Ilé ńlá, adágún omi, koríko tútù rẹrẹ. Gbogbo wa ń kọ "Ògo fún Ọlọ́run" sábẹ́ ẹ̀.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni wá. Bí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan bá kún lójijì, ṣebí a máa ń bèèrè ibi tó ti rówó? Kí ló dé tí a ò bèèrè tibí?

Ní 1759 ni ìdílé Lascelles bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé yẹn. Owó ṣúgà Barbados àti òwò ẹrú ló sọ wọ́n di olówó. Wọ́n gbé iṣẹ́ ọgbà fún Lancelot Brown, wọ́n sé odò kékeré kan, ó di adágún tí àwọn ọmọ wa ń dúró tì. Ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ló gé ìrèké tó sanwó ẹ̀.

Àwọn kan á ní ó ti pẹ́, ká gbàgbé ẹ̀. Pẹ́ báwo? Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní 1833 pé kí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀, £20 mílíọ̀nù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ni ẹrú. Olówó Harewood gbà ju £26,000 lọ. Ẹrú ò gba kọ́bọ̀! Gbèsè tí ìjọba jẹ nítorí owó yẹn, 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san án tán. Owó orí aráàlú ni. Ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn wà lára àwọn tó san án, ó tún wá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọgbà.

Àwọn míì á ní àwọn ọba tiwa náà tà. Bẹ́ẹ̀ ni, ká sọ ìyẹn náà. David Lascelles tó jogún ilé yẹn gan-an ń sọ tiwọn ní gbangba. Ẹni tó jogún ẹ̀ ò gbàgbé, àwa là ń sọ pé ká gbàgbé!

A ò ní kí ọmọ má lọ o. Kó lọ, kó ya fọ́tò, àmọ́ kó kọ ẹni tó sanwó ọgbà sábẹ́ ẹ̀. Bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Bí àwa òbí ò bá pa àrọ́bá ọ̀hún ńkọ́, ta ni yóò pa á?