Ẹ Dán Trélà Wò Kí Ó Tó Jáde Ní Géètì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa òṣìṣẹ́, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ́ńténà kan já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, ó wó lu ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ènìyàn mẹ́ta sì kú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, kọ́ńténà mìíràn wó lu bọ́ọ̀sì akérò. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló bá a lọ, ọmọdé méjì wà nínú wọn. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, dírẹ́bà ni gbogbo ayé ń bú. Ó lè jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ní ń bèèrè bóyá wọ́n fún un láàyè láti dán ọkọ̀ wò kí ó tó gbéra?

Orí trélà àti ìdí rẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ méjì ni, ọ̀pá irin kan péré ló so wọ́n pọ̀. Bí ẹnu irin tó gbá ọ̀pá náà mú kò bá pa dé, ẹni tó dúró lókè kò lè mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kí ẹ tó ká ẹsẹ̀ trélà sókè, ẹ jẹ́ kí bíréèkì ìdí rẹ̀ di táyà mú, kí ẹ fi jíà kìíní rọra fà á síwájú. Bí yóò bá tú, inú ọgbà ni kó ti tú.

Ẹ wo ìdè irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní igun kọ́ńténà. Okùn kò lè rọ́pò wọn. Ẹ wa ọkọ̀ yípo ọgbà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá rìn díẹ̀ lójú títì, ẹ dúró, kí ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, bíréèkì ló ń há tàbí béárìn ló ń kú lọ. Kí mótò bọ́ì kàn fi igi gbá táyà, ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò rárá! Ẹ sì rántí pé ní kọ́nà, ìdí trélà ló ń kọ́kọ́ gbé táyà kúrò nílẹ̀. Kí dírẹ́bà tó wà níwájú tó mọ̀ ọ́n lára, ó ti pẹ́ jù.

Gbogbo èyí kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà wa wà. Iye ìrìn ni wọ́n fi ń san owó fún ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí náà ẹni tó bá yẹ ọkọ̀ wò ló ń pàdánù. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kọ̀ láti gbé trélà kan jáde nítorí pé bíréèkì rẹ̀ ń dún. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé, wọ́n yọ owó ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mẹkáníìkì tú táyà náà, irin lásán ló kù níbi tó yẹ kí bíréèkì wà. Wọn kò tíì dá owó náà padà.

Ohun tí ẹ̀ka yìí ń béèrè nìyí: kí ìdajì wákàtí náà wọ inú wákàtí iṣẹ́ tí a ń san owó fún; kí dírẹ́bà kọ àléébù sínú ìwé, kí mẹkáníìkì fọwọ́ sí i; kí a má sì fìyà jẹ ẹni tó bá kọ ọkọ̀ tí kò pé. Lẹ́tà wa ti wà lórí tábìlì àwọn ọ̀gá. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ mú àkọsílẹ̀ àléébù ọkọ̀ yín wá sí ìpàdé ìparí oṣù.