Kí Ni Aṣọ Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ṣe Wá?

Àwọn baba wa a máa wí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí bí ènìyàn bá ti múra ni a ṣe ń kí i, bí a bá sì ti rí i ni a ṣe ń fún un ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ni wọ́n tún sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí wà. Ó kan ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí a mọ̀ sí aláàlàyé eré ìdárayá ìgbà òtútù lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán.

Johnny Weir ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù láti ọwọ́ iléeṣẹ́ NBC kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Irun orí rẹ̀ a ga sókè bí ẹni tí ó wé gèlè, aṣọ rẹ̀ a máa dán yinrinyinrin, ìlẹ̀kẹ̀ a máa tàn ní ọrùn rẹ̀, a sì máa lé tìróò sí ojú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, èmi pàápàá pòṣé. Mo bi ara mi léèrè pé ṣé kò sí ọkùnrin mìíràn tí ó mọ eré yìí ní gbogbo Amẹ́ríkà ni? Mo dúpẹ́ pé n kò pa ẹ̀rọ náà, nítorí nígbà tí ó la ẹnu rẹ̀, mo rí i pé ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń sọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nínú eré ijó orí omi dídì, eléré a wọ bàtà onírin tẹ́ẹ́rẹ́, a fò sókè, a yí ara rẹ̀ po nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, a sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀. Oríṣi fífò 6 ni ó wà. Irin bàtà náà ní etí méjì, ti inú àti ti òde. Láti etí òde ni a ti ń gbéra fò Lutz. Láti etí inú ni a ti ń gbéra fò Flip. Axel nìkan ni a ń kọjú síwájú fò, ìdí nìyẹn tí ìyípo rẹ̀ fi máa ń fi ìdajì lé ti àwọn yòókù. Ní ojú ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ kan omi dídì rí, gbogbo wọn jọ ara wọn bí ìbejì. Láti ìgbà tí rògbòdìyàn sì ti ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn adájọ́ ní Salt Lake City ní ọdún 2002, tí wọ́n fi ní láti fún ọkùnrin àti obìnrin eléré ilẹ̀ Kánádà ní àmì ẹ̀yẹ wúrà kejì, wọ́n ti pa ọ̀nà ìdíwọ̀n àtijọ́ tì. Fífò kọ̀ọ̀kan ti ní iye tirẹ̀ báyìí. Bí kò bá sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wa, a ó kàn máa wòran lásán ni.

Ta ni ìbá tún lè túmọ̀ rẹ̀ jù ẹni tí ó ti ṣe é lọ? Ọmọ ọdún 12 ni Weir nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eré náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọn kò tíì pé ọdún 6. Síbẹ̀ ó gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, 2005 àti 2006, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ ní ìdíje àgbáyé ti ọdún 2008. Tara Lipinski tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ gba wúrà ní Nagano ní ọdún 1998, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ní Sochi ní ọdún 2014, ètò ọ̀sán ni wọ́n fi àwọn méjèèjì sí. Nígbà tí yóò fi di ti PyeongChang ní ọdún 2018, àwọn ni ó wà ní ipò pàtàkì ní alẹ́, pẹ̀lú Terry Gannon. Aṣọ lè mú kí ènìyàn yíjú wò wọ́n. Ìmọ̀ ni ó mú kí ènìyàn jókòó tì wọ́n.

Kò rọrùn fún un láti dé ibẹ̀. Nígbà tí òun tìkára rẹ̀ ń díje ní Vancouver ní ọdún 2010, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ méjì tí ó ń fi èdè Faransé ṣàlàyé eré náà fún àwọn ará Quebec fi ìwà àti ìmúra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí afẹ́fẹ́, débi pé wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọkùnrin ni. Wọ́n tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe aṣọ ni ó dójú ti àwọn wọ̀nyí. Ẹnu wọn ni.

Ibi tí mo ti gbà pé ọkùnrin yìí tó ọkùnrin ni Beijing, ní ọdún 2022. Kamila Valieva, ọmọbìnrin Rọ́ṣíà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ni gbogbo ayé ń pọ́n lé. Ìgbà náà ni àṣírí tú pé wọ́n ti bá oògùn tí òfin kà léèwọ̀ nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ eré ìdárayá gbà á láyè láti máa díje lọ. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé Weir fẹ́ràn ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ó sì kọ́ èdè wọn. Ìbá lè fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà jáde, òun àti Lipinski fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ rárá títí eré fi parí, wọ́n sì wí fún àwọn òǹwòran gbangba pé kò yẹ kí ó wà nínú ìdíje náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ náà fi òfin dè é fún ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n gba àyẹ̀wò náà. Ọmọdé ni, àánú rẹ̀ sì ṣe mí; àwọn àgbà tí ó yí i ká ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí jù. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó korò ni a gbọ́ lẹ́nu ẹni tí a ń pè ní aláṣejù.

Ǹjẹ́ irú èyí ṣe àjèjì sí wa bí? Ìlàrí Aláàfin a máa fá apá kan orí rẹ̀, a sì dá apá kejì sí. Bí ó bá dé ìlú, kì í ṣe irun ni àwọn ìjòyè ń wò. Iṣẹ́ ọba tí ó ń jẹ́ ni wọ́n ń tẹ́tí sí. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin gidi, a máa di irun bí obìnrin, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tí Ernest Okonkwo ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, tí ó ń pe Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní onímọ̀ ìṣirò, ta ni ó bèèrè irú aṣọ tí ó wọ̀?

Àwọn kan yóò ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ gba ojú lọ́wọ́ eléré. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ jù, tàbí tí ó ń fi ẹnu gún eléré tí ó ṣubú, ẹ bá a wí. Àwọn òǹwòran mìíràn ti bá Weir àti Lipinski wí lórí èyí, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ìbáwí iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ọmọ wa yóò kọ́ ìmúra rẹ̀. Iṣẹ́ òbí ni láti kọ́ ọmọ ní bí a ti ń múra nílé wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá gbọ́ tí a ń bú ẹni tí ó mọṣẹ́ nítorí irun orí rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó burú ju ti aṣọ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí àwa náà ti dé orí yìnyín. Ní ọdún 2018, Ṣeun Adígún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wa ọkọ̀ orí yìnyín lórúkọ Nàìjíríà, Simidele Adéagbo ni ó sì dojú bolẹ̀ lórí pákó onírin. Àwọn kan ní kí ni ọmọ ilẹ̀ olóoru ń wá nínú òtútù, pé wọn kò jọ ẹni tí ó yẹ níbẹ̀. Ó dùn wá nígbà náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n tí a kọ̀ fún àwọn ọmọ wa wọn ọmọ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, bí ìdíje ìgbà òtútù bá tún dé, tí ẹ sì rí ọkùnrin onírun gíga náà, ẹ má tètè pa ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ná. Bí ó bá purọ́, ẹ bá a jà. Bí ó bá sọ òtítọ́, ẹ jẹ́ kí ó wọ aṣọ rẹ̀.