Gbèsè Wo La Jẹ Wọ́n?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ọkọ̀ tó ń ti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò bọ̀, ìyá kan tó gbé àpò gààrí kan ṣoṣo bi dẹ́rẹ́bà pé, "Ṣé o ti sẹ́tù wọn?" Dẹ́rẹ́bà ní, "Mo ti sẹ́tù wọn, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀." Kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan kan.

Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì tó ni ọ̀rọ̀ sẹ́tù (settle) yìí, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó parí ìjà tọkọtaya, ó sẹ́tù. Ẹni tó tẹ̀dó síbì kan, ó sẹ́tù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó rọlẹ̀ sídìí àmù tí omi fi tòrò, ó sẹ́tù. Ẹni tó san owó oúnjẹ tó jẹ, òun náà sẹ́tù. Nínú gbogbo ìtumọ̀ yìí, ti owó sísan la mú, a wá fi ń pe owó tí à ń kì bọ ẹni tó wọ aṣọ ìjọba lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé a ò lórúkọ fún un. Rìbá wà, ẹ̀gúnjẹ wà, owó ẹ̀yìn wà. Ẹ tú àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wò: ẹ̀bẹ̀ tá a ti bẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé ni. Ẹni tó bá dárúkọ yẹn mọ̀ pé nǹkan ń bẹ nílẹ̀ tóun ń torí ẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Sẹ́tù ò jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó sanwó ti san gbèsè ọrùn rẹ̀, ẹni tó gbà á sì ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Gbèsè wo? Láti 1979 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan tó ní ìwé ìrìnnà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Òfin Nàìjíríà ọdún 2000 tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀ sì ka ẹ̀wọ̀n ọdún méje sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba rìbá àti fún ẹni tó fún un. Ìdí-Ìrókò tí ìjọba ti ẹnubodè rẹ̀ pa ní August 2019, tí wọn ò ṣí i títí di April 2022, ti pàdánù tó. Kò yẹ kí ará ibẹ̀ tún máa san gbèsè tí kò jẹ.

N ò bá ìyá onígààrí wí. Ilẹ̀ ń ṣú, ó fẹ́ délé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá san owó ẹrù fún aṣọ́bodè bó ṣe yẹ, ìwé ni wọ́n ń já fún un. Ta ló sẹ́tù rí tó gba ìwé?

Ẹ̀yin òbí, bọ́mọ bá bi yín nínú ọkọ̀ pé kí ni wọ́n ń pè ní sẹ́tù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé gbèsè ni. Ẹ sọ fún un pé rìbá ni.