Ìtàgé Ni Kí Òbí Lọ Wò

Bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bá ní iṣẹ́ tíátà ni òun fẹ́ kọ́, àwọn òbí a máa ka orúkọ yunifásítì bí ẹni ń ki oríkì. Àwọn olùkọ́ mìíràn tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á ní kí ó kọ ẹ̀kọ́ òfin sí ipò kìíní lórí fọ́ọ̀mù JAMB, kí tíátà wà nísàlẹ̀. Bí a ṣe ń sọ ọmọ di lọ́yà tí ń sùn ní kóòtù nìyẹn.

Orúkọ kì í kọ́ni ní eré. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti ń darí ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ kí ó tó lo oṣù mẹ́fà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe ní Ìbàdàn ní 1962. Ohun tí ó gbé jáde níbẹ̀ ni eré Ọ̀mùtí, tí Demas Nwoko ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé rẹ̀. Ní Ifẹ̀, àárín ìlú ni Orí Olókun wà, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti gbé The Gods Are Not to Blame jáde ní 1968.

Kí òbí tó sanwó fọ́ọ̀mù, kí ó dé ẹ̀ka tíátà náà fúnra rẹ̀. Eré mélòó ni wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló to iná ìtàgé ni, àbí wọ́n háyà ẹni tó tò ó? Ṣé ìlù ń dún níbẹ̀, àbí inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́? Ṣé wọ́n ń ṣeré ní Yorùbá? Ọmọ tó gbọ́ ìjálá láti ilé, tí wọ́n ní kí ó gbàgbé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ọdún mẹ́rin ni wọ́n jí lọ́wọ́ rẹ̀, owó òbí rẹ̀ ni wọ́n sì fi jí i.